Kí ló dé tí inú fi ń bí mi nígbà tí ọkọ mi bá wá pè mí padà?

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ọmọ ọdún 34 ni mí, Ìbàdàn ni mò ń gbé, ọdún karùn-ún rèé tí a ti ṣe ìgbéyàwó. Èkó ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ló máa ń wọlé, ìdájí ọjọ́ Ajé ló sì ń padà lọ. Bí mo bá pè é tí kò gbé e, àyà mi á bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì. N ó pè é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, n ó máa wo WhatsApp bóyá ó ti ka àtẹ̀jíṣẹ́ mi. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé bó bá wá pè mí padà, dípò kí inú mi dùn, ọ̀rọ̀ burúkú ló máa ń jáde lẹ́nu mi. Òun á sì dákẹ́, ó lè dákẹ́ fún ọjọ́ méjì. Mo kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé irú èmi ni ẹni tí ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀ nínú ìfẹ́, pé irú ọkọ mi ni ẹni tí ń sá fún ìsúnmọ́ni, pé irú àwa méjèèjì kì í bára gbé pẹ́, àti pé ìgbà èwe ló ti ń wá. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà mi ní Ìkìrun ni mo ti dàgbà láti ọmọ ọdún méjì títí mo fi pé mẹ́jọ, kí màmá mi tó wá mú mi lọ sí Èkó. Ṣé ibẹ̀ ni mo ti bàjẹ́? Màmá mi tún ní kí n mú ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún méjì ààbọ̀, wá sọ́dọ̀ àwọn fún ọdún kan kí n lè parí ẹ̀kọ́ mi. Ẹ̀rù ń bà mí.”

Arábìnrin, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ìwé yín kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn. Bó ṣe yé mi sí, ìbéèrè mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kan ṣoṣo ló bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ẹ̀rù pé nǹkan kan ti bàjẹ́ lára yín nígbà tí ẹ kò tíì gbọ́n, pé ohun náà ló ń da ilé yín rú lónìí, àti pé ẹ ó fà á lé ọmọ yín lọ́wọ́ lọ́la. N ó fara balẹ̀ dáhùn rẹ̀, nítorí pé ohun tí ẹ kà kì í ṣe irọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n àsọdùn tí wọ́n pò mọ́ ọn pọ̀ débi pé ó lè ṣe yín léṣe ju kí ẹ má mọ nǹkan kan lọ.

John Bowlby, dókítà ọpọlọ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bí ní 1907, ni ìmọ̀ tí ohun tí ẹ kà ti wá, ìmọ̀ nípa bí ọkàn èèyàn ṣe ń so mọ́ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, ti ọwọ́ rẹ̀ jáde. Nígbà tó ń ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló gbà pé oúnjẹ ni ọmọ ọwọ́ ń wá, pé nítorí ọmú ni ọmọ ṣe ń fẹ́ràn ìyá. Bowlby kò gbà. Ó ní bí ebi ṣe jẹ́ àìní ara, bẹ́ẹ̀ ni wíwà nítòsí ẹni tí ń dáàbò bò wá jẹ́ àìní fúnra rẹ̀. Bí ẹ̀rù bá ba ọmọ, tàbí tí ara rẹ̀ kò yá, gbogbo ara rẹ̀ á máa wá ẹni náà. Bó bá rí i, ara á rọ̀ ọ́, á sì padà sídìí eré rẹ̀. Ẹni tó bá ti pọn ọmọ rí mọ ohun tí mò ń wí: ọmọ tó ń ké tantan á dákẹ́ ní kété tí wọ́n bá gbé e sẹ́yìn tí wọ́n sì so ọ̀já mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ kankan kò tíì kàn án lẹ́nu.

Mary Ainsworth, tó bá Bowlby ṣiṣẹ́, ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé inú ilé àwọn èèyàn, ilẹ̀ Áfíríkà ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1954 sí 1955, ó ń lọ láti ilé dé ilé ní àwọn abúlé tó wà nítòsí Kampala ní Uganda, ó ń wo bí àwọn ọmọ ọwọ́ 28 ṣe ń ṣe lọ́dọ̀ ìyá wọn. Ohun tó fẹ́ wò tẹ́lẹ̀ kò jìnnà sí ìtàn yín. Ó ti gbọ́ pé àṣà àwọn Ganda ni láti mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìbátan bí wọ́n bá fẹ́ já a lẹ́nu ọmú, kó lè gbàgbé ọmú níbẹ̀. Ìgbà tó débẹ̀ ló rí i pé ọ̀pọ̀ ìdílé ti fi àṣà náà sílẹ̀, ló bá kọjú sí bí ìyá àti ọmọ ṣe ń bára wọn lò lójoojúmọ́. Lẹ́yìn náà, ní Baltimore ní Amẹ́ríkà, ó ṣètò yàrá kan tí ìyá á ti jáde fún ìṣẹ́jú díẹ̀, tí á fi ọmọ ọdún kan sílẹ̀ pẹ̀lú ohun ìṣeré, tí á sì tún wọlé padà. Èèyàn lè rò pé ẹkún tí ọmọ sun nígbà tí ìyá jáde ni ohun tó yẹ kí a wò. Ohun tí ọmọ ṣe nígbà tí ìyá wọlé padà ló sọ èyí tó pọ̀ jù fún Ainsworth.

Àwọn tó pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọmọ náà lọ bá ìyá wọn, ó gbé wọn, wọ́n dákẹ́, wọ́n sì padà sídìí eré. N ó máa pe irú wọn ní afọkànbalẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n ké títí, tí wọ́n nawọ́ sí ìyá wọn pé kó gbé àwọn, ṣùgbọ́n bó ti gbé wọn tán, wọ́n ń ta á nípàá, wọ́n ń ju ohun tó fi ń rẹ̀ wọ́n lẹ́kún nù, síbẹ̀ wọn kò jẹ́ kó gbé wọn sílẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Ọmọ yìí ń wá ìyá rẹ̀ lójú méjèèjì, inú sì ń bí i sí ìyá kan náà nítorí pé ó lọ. Ẹ̀yin gan-an nìyẹn nídìí fóònù. N ó pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní afòyà, nítorí ìfòyà ni gbòǹgbò rẹ̀. Ìbínú tí ọkọ yín ń gbọ́ jẹ́ ewé orí rẹ̀ lásán.

Ìdí tí ìbínú fi ń dúró dìgbà tó bá gbé ìpè kì í ṣe àdììtú. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ kò tíì mọ ibi tó wà, ara yín kò ráyè fún ohun mìíràn ju pé kó wá a lọ. Ohùn rẹ̀ ni ara fi ń mọ̀ pé ewu ti kọjá, ìgbà náà ni gbogbo ohun tó ti ń hó nínú láti wákàtí méjì sẹ́yìn á wá rí ojú ọ̀nà jáde. Ẹ ti rí ìyá tí ọmọ rẹ̀ sọnù ní ọjà Bódìjà. Kò ní bínú nígbà tó ń sáré kiri. Ẹkún àti ẹ̀bẹ̀ ló wà lẹ́nu rẹ̀. Bó bá rí ọmọ náà tán, àbàrá ló máa ń kọ́kọ́ fún un, kó tó wá gbá a mọ́ra. Ìṣòro tiyín ni pé ọkọ yín ń gba àbàrá, ìpè sì máa ń parí kó tó kan ìgbámọ́ra.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí òun náà. Nínú yàrá Ainsworth, àwọn ọmọ kan wà tí kò sunkún rárá nígbà tí ìyá wọn jáde. Bó ti wọlé padà, wọ́n gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ń wo ohun ìṣeré wọn bí ẹni pé wọn kò rí i. Ẹni tó bá wò wọ́n á sọ pé ọmọ gidi nìyí, kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ní 1977, àwọn onímọ̀ ìhùwàsí méjì, Alan Sroufe àti Everett Waters, jábọ̀ bí ọkàn irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe ń lù, ó sì hàn pé ọkàn náà ń sáré gẹ́gẹ́ bíi ti àwọn tó ń ké. Ojú wọn tutù, inú wọn kò tutù. Àwọn wọ̀nyí ni n ó pè ní ayẹra. Wọ́n ti kọ́ ọ, kí wọ́n tó lè sọ̀rọ̀ pàápàá, pé ẹkún kì í mú ẹni tí wọ́n ń fẹ́ súnmọ́ tòsí, pé ẹni náà máa ń súnmọ́ni díẹ̀ sí i bí a bá dákẹ́. Nínú iṣẹ́ tí mò ń ṣe pẹ̀lú tọkọtaya láti nǹkan bí ogún ọdún, mo ti jókòó ti ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí wọ́n sọ fún nígbà tí wọ́n wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin pé, “Ṣé obìnrin ni ọ́ ni, tí o fi ń sunkún?” Wọn kò sunkún mọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyàwó wọn bá gbé ohùn sókè, wọ́n máa ń sọ fún mi pé ara àwọn máa ń gbóná, etí àwọn á di, ọ̀rọ̀ kankan kì í sì í wá sí àwọn lẹ́nu. Ìyàwó rò pé ọkọ yan òun lódì ni. Ọkọ ní tirẹ̀ rò pé òun ń pa iná ni.

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ yín méjèèjì ṣe ń wọra. Ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ń sọ fún ara yín pé ó ti lọ, ẹ̀yin á sì pariwo sí i kó lè padà wá. Ariwo náà ń sọ fún ara tirẹ̀ pé kó tún ti ilẹ̀kùn dáadáa. Ẹ̀rù ló ń ba ẹ̀yin méjèèjì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó rí ẹ̀rù lójú ẹnì kejì rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìjà tí mo ti bá wọn parí, èyí ni ìdí rẹ̀, yálà owó oúnjẹ ni wọ́n ń dárúkọ tàbí ẹbí ọkọ.

Ṣé òótọ́ ni pé irú yín kì í bára gbé? Rárá. Ní 1987, àwọn onímọ̀ ìhùwàsí méjì, Cindy Hazan àti Phillip Shaver, fi ìbéèrè sínú ìwé ìròyìn kan ní ìlú Denver ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní kí àwọn òǹkàwé yan èyí tó bá ìfẹ́ wọn mu nínú àpèjúwe mẹ́ta. Ó lé díẹ̀ ní ìdajì tó yan ti afọkànbalẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin yan ti ayẹra, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún sì yan ti afòyà. Bó bá jẹ́ pé àrùn ni, a jẹ́ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì àwọn tó dáhùn ló ń ṣàìsàn. Lónìí, àwọn onímọ̀ kì í sáábà pín èèyàn sí àpótí àpótí mọ́. Wọ́n á ní ká wo bí ẹ̀rù pé wọ́n á fi wá sílẹ̀ ṣe pọ̀ tó lára wa, ká sì tún wo bí ìsúnmọ́ni ṣe ń nira fún wa tó, nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ló wà lára gbogbo èèyàn. Ẹnì kan náà sì lè fọkàn balẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó sì máa fòyà lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀. Ohun tí mo lè sọ láìṣàbòsí ni pé irú ìgbéyàwó yín máa ń nira ju ti àwọn méjì tí ọkàn wọn balẹ̀ lọ, ó ń fẹ́ iṣẹ́, iṣẹ́ náà sì ní láti ti ọwọ́ ẹni méjèèjì wá.

Ọ̀rọ̀ ìyá àgbà yín ló dùn mí jù nínú ìwé náà, nítorí mo gbọ́ ọ bí ẹni pé ẹ ti ń dá wọn lẹ́bi. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ ìyá àti ọmọ nìkan kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ìmọ̀ yìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, níbi tí ìyá kan àti ọmọ kan ti sábà máa ń wà nínú ilé kan. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1977 lórí àwọn ọmọ ọwọ́ Hausa fi hàn pé ọmọ lè so ọkàn mọ́ èèyàn mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà nínú agbo ilé, tí ẹnì kan á sì jẹ́ àkọ́kọ́ láàárín wọn. Èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 lórí àwọn Dogon ní Mali, níbi tí ìyá ti ń yára fi ọmú rẹ ọmọ lẹ́kún, kò tilẹ̀ rí ọmọ ayẹra kan ṣoṣo. Nítorí náà, ìyá àgbà tó pọ̀n yín, tó ń ki oríkì yín láràárọ̀, tó mọ ìgbà tí ara yín gbóná kí ẹ tó sọ, lè fún yín ní ìfọ̀kànbalẹ̀ tó pé.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ wò ni ẹnu ọ̀nà. Báwo ni màmá yín ṣe lọ? Ní ọ̀pọ̀ ilé wa, wọ́n á dúró kí ọmọ sùn, wọ́n á sì yọ́ kẹ́lẹ́ jáde kó má bàa sunkún. Inú àánú ni wọ́n ti ń ṣe é. Àmọ́ ohun tí ọmọ ń kọ́ níbẹ̀ ni pé èèyàn lè pòórá nígbàkigbà tí ojú òun bá kúrò lára rẹ̀, nítorí náà kí òun má ṣe jẹ́ kí ojú òun kúrò. Wíwo WhatsApp ní gbogbo ìgbà jọ ìyẹn púpọ̀. Ẹ sì rò ó wò pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n já okùn ọkàn yín. Gbogbo èèyàn ló ka ti ọmọ ọdún méjì sí. Ti ọmọ ọdún mẹ́jọ, nígbà tí wọ́n mú yín kúrò ní Ìkìrun, kò sẹ́ni tó kà á sí àdánù, torí wọ́n ní ọ̀dọ̀ ìyá tó bí yín lẹ ń lọ, ọjọ́ ayọ̀ ni. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ẹkún ìyá àgbà yín ni ẹ kò rí àyè sun ní Èkó. Èmi kò lè búra, ẹ̀yin nìkan ló mọ̀. Èyí tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí ni pé ìsopọ̀ tó wà láàárín ìgbà èwe àti ìfẹ́ àgbà kò lágbára tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ó wà, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́, ọ̀fọ̀, olùkọ́ rere, àti irú ẹni tí a fẹ́ náà ń tún un kọ. Mo ti rí afòyà tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan lọ́dọ̀ ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yẹ̀.

Kí ni ẹ lè ṣe? Ohun tó ń ṣiṣẹ́ jù lọ fún irú yín ni àkókò tó dájú. Ìpè kan ní aago mẹ́jọ alẹ́ tí kì í yẹ̀, àti àtẹ̀jíṣẹ́ kúkúrú kan ní ọ̀sán, máa ń fi ọkàn balẹ̀ ju ogún ìpè tí kò ní àkókò lọ. Ẹ bá a sọ ọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta lẹ́yìn tó bá ti sùn tó. Ẹ má sọ ọ́ ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ojú títì Èkó sí Ìbàdàn bọ́. Ẹ̀yin náà, ẹ gbìyànjú kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́nu yín jẹ́ ẹ̀rù kó tó di ẹ̀sùn: “Ẹ̀rù bà mí, mo rò pé nǹkan kan ṣe ọ́.” Ó dàbí ohun kékeré, ó sì nira púpọ̀, nítorí ẹ̀rù ń mú ojú tini ju ìbínú lọ. Ní tirẹ̀, ẹ má ní kó má dákẹ́, ẹ ní kó máa sọ ìgbà tí ìdákẹ́jẹ́ náà á parí: “Jẹ́ kí n sinmi fún wákàtí kan, a ó sọ ọ́ lẹ́yìn oúnjẹ.” Èmi kì í gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti máa yẹ fóònù ọkọ wò tàbí láti máa fi ẹ̀rọ tọpasẹ̀ ibi tó wà. Ìtura rẹ̀ kì í ju wákàtí kan lọ, lẹ́yìn náà èèyàn á tún fẹ́ sí i. Ní ti pípe àwọn àgbà ẹbí láti parí ìjà, ó dára nígbà tí ẹnì kan bá ṣẹ̀ ẹnì kejì. Ṣùgbọ́n ẹni tó jàre ni wọ́n máa ń wá, nínú ọ̀rọ̀ yìí kò sì sí ẹni tó jàre. Bí ẹ bá rí onímọ̀ ìhùwàsí ní ilé ìwòsàn ńlá tó wà nítòsí yín, ó sàn kí ẹ̀yin méjèèjì jọ lọ.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ìdáhùn mi mọ. Ẹnu yín nìkan ni mo gbọ́. Bó bá jẹ́ pé ọkọ yín ń parọ́ ibi tó wà, tàbí pé ó ti dà yín rí, àyà yín tó ń lù kò ṣàìsàn, ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ìmọ̀ tí mo ṣàlàyé yìí pa yín lẹ́nu mọ́. Bó bá ń nà yín, ẹ kọ́kọ́ wá ibi ààbò ná. Bí àyà bá sì ń já yín láìsí ìpè kankan, tí oorun kò wá, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ yín wò.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọmọ yín. Ní London, ní ìparí àwọn ọdún 1940, James Robertson tó ń bá Bowlby ṣiṣẹ́ wo àwọn ọmọ kékeré tí wọ́n dá wà ní ilé ìwòsàn láìsí ìyá wọn. Wọ́n kọ́kọ́ ń ké, lẹ́yìn náà wọ́n á sorí kọ́, nígbà tó bá yá wọ́n á túra ká, àwọn nọ́ọ̀sì á ní ara wọn ti mọlé. Bí ìyá bá wá dé, ọmọ á máa wò ó bí àlejò. Ilé ìyá àgbà kì í ṣe ilé ìwòsàn, ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ wà níbẹ̀, ìyàtọ̀ ńlá sì nìyẹn. Síbẹ̀ ọdún kan gùn púpọ̀ fún ọmọ ọdún méjì ààbọ̀. Bí màmá yín bá lè wá máa gbé lọ́dọ̀ yín ní Ìbàdàn, ìyẹn ni èmi á fara mọ́. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ lọ sùn lọ́dọ̀ wọn nígbà díẹ̀ pẹ̀lú yín. Ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ sọ fún un lójú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó sunkún lọ́wọ́ màmá yín. Ẹ fi ìró yín kan sílẹ̀ fún un láti máa fi bora. Ẹ máa pè é ní àkókò tí ẹ dá, ẹ sì máa lọ wò ó nígbà tí ẹ ní ẹ ó lọ. Bí ẹ bá débẹ̀ tó sì sá sẹ́yìn ìyá àgbà rẹ̀, tí kò fẹ́ kí ẹ gbé òun, ẹ má fipá mú un, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi í rẹ́rìn-ín pé ó ti gbàgbé yín. Ẹ jókòó sílẹ̀ nítòsí rẹ̀, títí yóò fi wá fúnra rẹ̀.